Mo Rìn Dé Ìlú Ọba Kí N Tó Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọṣọ

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Kábà ni àwọn èèyàn ti ń wá kí mi, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbé wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé yìnyín máa ń bo ilé mọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo fojú kan ọba wọn, àti ìdí tí n kò fi ń sọ̀rọ̀ nímú bí ọmọ ìlú Ìyárá kan tó lo oṣù mẹ́ta péré lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó tíì bi mí bóyá mo mọ aṣọ wọ̀ kí n tó lọ. Ó sì yẹ kí wọ́n bi mí, nítorí èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi tí ẹ ń pè ní Tíṣà Táyọ̀, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni èdè náà, mo sì rí i pé n kò lè wọ bàtà ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì lè bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí mo ṣe ń kọ́ni. Bí ọmọ bá gbé ẹrẹ̀ wọ kíláàsì lẹ́yìn òjò, mo máa ń sọ fún un pé, "Off your sandals." Bí ẹ̀wù rẹ̀ bá dọ̀tí, mo máa ń sọ pé, "Pull that shirt and wear another one." Ọmọ náà á gbọ́, á sì ṣe é. Kò sí ọmọ kan tó béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn. Àwọn alábẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, wọ́n mi orí, wọ́n kọ̀wé pé mo mọ iṣẹ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì wo ló tún kù tí èèyàn fẹ́ gbọ́?

Èdè tiwa ló tàn mí. A ń wọ ẹ̀wù, a ń ró ìró, a ń wé gèlè, a ń dé fìlà, a ń da ìborùn bo èjìká. Bí a bá fẹ́ kúrò nínú wọn, a ń bọ́ ẹ̀wù, a ń tú gèlè, a ń ṣí fìlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìyá mi, ọmọ Ògìdì, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ hun aṣọ, á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ bóyá ibà ń ṣe ọ́ bí o bá sọ pé o wọ gèlè. Mo wá wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mo rí "wear" kan ṣoṣo tí mo rò pé wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àánú wọn sì ṣe mí. Mo di àánú yẹn pọ̀ mọ́ gàrí àti ẹ̀gúsí lílọ̀ nínú àpótí mi, mo sì gbé e dé ìlú Ọba.

Okun tiwọn

Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà mí sí, láti máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Wọ́n ní ìgbà ìrúwé ni mo dé. Ewé kankan kò tíì rú. Òtútù tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà dà bí èyí tó ń jáde nínú fíríìsà àwọn ẹlẹ́ja nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó padà wá pa á dé.

Ẹ mọ̀ pé Okun ni ìkíni wa. Ẹni tó ń ro oko, Okun ni. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Okun náà ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Okun la ó fi bẹ̀rẹ̀ kí a tó rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Àwọn náà ní tiwọn, "You all right?" ni wọ́n ń pè é. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọkùnrin kan tó ń gbá títì bi mí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ẹnì kan bìkítà. Mo dúró, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé orúnkún mi wú nínú ọkọ̀ òfuurufú, pé Tọ́lá, ọmọ mi, ń wúkọ́ nígbà tí mo fi ń kúrò nílé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ra oògùn fún un. Nígbà tí mo gbójú sókè láti béèrè ilé tirẹ̀, ó ti gbá títì dé kọ̀rọ̀ kejì. Mo wá mọ̀ nígbà tó yá pé wọn kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. Ńṣe ni wàá sọ ọ́ padà lu ẹni tó bi ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró. Ní ibùdókọ̀ ni, ìyá àgbà kan pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ajá náà wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn ju tèmi lọ. Ìyá náà béèrè ibi tí mo ti wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa Kábà, àwọn òkè tó yí wa ká, kọfí tí àwọn bàbá wa gbìn sí oko, tí àwa fúnra wa kì í mu. Ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó wo ọrùn mi, ó sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "You want to wrap up, love."

Mo mọ èyí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń sọ bí tíṣà kan bá ti pẹ́ jù níwájú àwọn ọmọ láàárọ̀: kó o nílẹ̀, ó tó. Mo ní kí ìyá náà má bínú, mo sì pa ẹnu mi dé. A jókòó báyìí títí ọkọ̀ fi dé, èmi pẹ̀lú ìtìjú, òun pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbọ́ pé ohun tó ń sọ ni pé kí n fi aṣọ di ara mi dáadáa, kí òtútù má pa mí. Ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ gbọ́ nípa Kábà ní gbogbo ìlú yẹn, Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ.

Pòtétò

Ẹ ti ń dúró de oúnjẹ. Pòtétò ni. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n sè é, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n gún un bí iyán tí ó ń ṣàìsàn, lọ́jọ́rú wọ́n yan án, wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ara ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé oúnjẹ kan náà ni. Ẹran wà níbẹ̀, ata kò sí. Iyọ̀ wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ́n ata gígún tí mo gbé láti ilé sórí oúnjẹ tèmi. Òórùn náà kàn rọra dìde ni. Àwọn arúgbó méje bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹnì kan ṣí fèrèsé, ọ̀gá wa obìnrin tó ń jẹ́ Jánẹ́ẹ̀tì sì sáré wọlé láti béèrè bóyá nǹkan ń jóná. Bàbá kan ṣoṣo ni kò wúkọ́. Ó na ṣíbí rẹ̀ sí mi, ó tọ́ ọ wò, omi dà lójú rẹ̀, ó sì tún na ṣíbí náà. Báyìí ni èmi àti Bàbá Hárólì ṣe di ọ̀rẹ́.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀ bíi kóòtù

Hárólì ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọmọdébìnrin tó ń pín tíì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Hárólì, ṣé wàá mu tíì?" Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bàbá ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi lóhùn kíákíá ju bó ṣe ń jẹ́ àwọn yòókù lọ.

Télọ̀ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, aṣọ àwọn ọkùnrin ló ń rán. Ìgbàgbé ti kó ohun púpọ̀ lọ nínú orí rẹ̀. Kì í rántí orúkọ Súsàn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí o bá fi aṣọ sí i lọ́wọ́ á fi àtàǹpàkò fọwọ́ pa á, á sì sọ irú òwú tí wọ́n fi hun ún. Lójoojúmọ́ ló ń wọ ẹ̀wù pélébé kan tí kò lápá, tó ní bọ́tìnnì mẹ́fà, lórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ fún un pé, "Papa, let me wear you your shirt."

Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó bi mí pé, "Ṣé èmi ni wàá wọ̀? Bíi kóòtù?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà fún un, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn bàbá dàrú díẹ̀ ní àárọ̀ yẹn. Bàbá yìí nìkan ni orí rẹ̀ pé nínú yàrá náà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìwé yẹn. Gbogbo ohun tí a bá ṣe fún arúgbó ni a gbọ́dọ̀ kọ: ó mu omi, ó sùn, ó gbọnsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Jánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ pé ohun tí a kò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀. Kò sọ fún mi pé ohun tí mo bá kọ ti ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọbẹ̀ dà sí Bàbá lára, ó rin ṣòkòtò rẹ̀ àti ẹ̀wù pélébé náà gbingbin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ẹ̀wù náà mú láyà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, mo kúnlẹ̀ tì í. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kọrin fún un, mo jẹ́ kí ó simi, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ ká tó parí. Nígbà tí ara rẹ̀ gbẹ tó sì mọ́ tónítóní, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó dúpẹ́, ó sì sùn. Iṣẹ́ tí mo ṣe dára lójú ara mi. Mo gbé ìwé, mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo fi ń kọ̀wé sára pátákó ní Kábà kọ ọ́ pé, "Harold was shouting. I pulled him. He was begging me. I wore him another one and he kept quiet."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Kábà mọ ohun tí mo kọ. Bàbá ń pariwo, mo bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, mo wọ òmíràn fún un, ara rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí Súsàn kà nígbà tó wá wo bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni pé bàbá òun ń ké, mo fà á tuurutu nílẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí n dá òun sí, mo sì tún ṣe nǹkan mìíràn fún un tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, èyí tó pa á lẹ́nu mọ́.

Ìjókòó sílé

Lọ́jọ́ Ajé, Jánẹ́ẹ̀tì pè mí wọ yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Wọn kì í pariwo. Ó ní òun mọ rírì mi, ó ní mo jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi, ó ní kí n lọ sílé, kí n má sì padà wá títí wọn yóò fi wádìí bóyá mo ń fìyà jẹ arúgbó. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ ni. Ó tún bi mí bóyá mo fẹ́ tíì.

Ìwé tí wọ́n fi gbà mí sí ìlú náà so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Bí iṣẹ́ bá lọ, èmi náà lọ nìyẹn. Ìyẹn kò dùn mí tó ohun kan: orúkọ tí màá gbé padà sílé. Ẹ wo ẹni tó kúrò ní Kábà láti lọ na arúgbó olórí-funfun.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ìyá Tọ́lá, kí lo ṣe fún bàbá oníbàbá?"

Mo ní, "Mo bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ tó dọ̀tí ni."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn níbẹ̀?"

Bíàtà

Ẹni tó wá wò mí ni Bíàtà, obìnrin ará Pólàǹdì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti pé kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láyé rẹ̀. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ló ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ìwé tó ní àwòrán. Mo fi ohun tí mo kọ hàn án. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó tún un kà, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó dìde, ó sọ pé kí n máa wo òun. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní, "I'm putting on my coat." Ó bọ́ ọ, ó ní, "I'm taking off my coat." Ó wọ bàtà, ó bọ́ bàtà. "Put on" kan náà ni fún kóòtù, fún bàtà, fún fìlà, fún awò ojú. "Take off" kan náà ni fún gbogbo wọn. Àwọn tí mo ti ń ṣàánú láti Kábà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tí àwa ń fi mẹ́jọ ṣe, èmi kò sì mọ èyíkéyìí lò nínú méjèèjì.

Ó ní "wear" kì í ṣe ti ìgbà tí èèyàn ń ti ọwọ́ bọ apá ẹ̀wù. Ẹ̀yìn tí aṣọ bá ti wà lára ni. "He is wearing a hat": fìlà ti wà lórí rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń rìn lọ. A kò lè "wear" ẹlòmíràn láṣọ. "I put his shirt on for him" ni kí n sọ, tàbí kí n sọ pé mo "help him put it on". Bọ́tìnnì tí a bá dè, "do up" ni. Èyí tí a bá tú, "undo" ni. Aṣọ tí a wọ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù bóyá ó bá wa mu, "try on". "Off" kò lè dá dúró kí ó ní òun jẹ́ iṣẹ́. "Pull" kò sì sí níbẹ̀ rárá, àfi bí mo bá fẹ́ fa èèyàn.

Mo ní ó ti yé mi. Mo nawọ́ sí bàtà rẹ̀, mo ní, "Put on it."

Ó gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ ka orí bàtà náà, ó sì wò mí. Ó ní ṣé ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní bí mo bá dárúkọ aṣọ náà, mo lè fi sí ẹ̀yìn tàbí sí àárín, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lo "it" tàbí "them", àárín ni ibùjókòó rẹ̀: "put it on", "take them off". Mo tún bi í pé, níwọ̀n ìgbà tí "on" àti "off" ti jẹ́ ọ̀tá ara wọn, kí ló dé tí n kò lè "put off" ṣòkòtò Bàbá. Ó ní wọ́n á rò pé mo sún ṣòkòtò náà síwájú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo béèrè ìdí. Ó ní òun kọ́ ló dá èdè náà sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wá, tó ń wọ kóòtù tó ń bọ́ kóòtù níwájú mi. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan gún mi lọ́kàn, mo sì jókòó. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn ọmọ tó jáde lọ́wọ́ mi wà káàkiri báyìí, ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ kí àlejò kà á. Mélòó nínú wọn ló ń kọ "I pulled him" lónìí, nítorí Tíṣà Táyọ̀ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, tí alábẹ̀wò sì mi orí?

Yàrá Jánẹ́ẹ̀tì

A jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá náà: Jánẹ́ẹ̀tì, Súsàn, èmi, àti Bíàtà tí wọ́n gbà kí ó tẹ̀lé mi. Súsàn jókòó pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́rùn, kò wo ojú mi. Jánẹ́ẹ̀tì ka ohun tí mo kọ sókè. Ní ẹnu rẹ̀, ó burú ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣe é bíi tíṣà. Mo sọ̀rọ̀ nípa bí èdè wa ṣe rí, nípa bọ́ àti tú àti ṣí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè pátákó ìkọ̀wé láti kọ ọ́ sí. Mo rí i pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sí i ni ojú Súsàn ń le sí i. Ó wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní, "N kò fẹ́ gbọ́ nípa èdè. Fi ohun tí o ṣe fún bàbá mi hàn mí."

Kò sí bèbí tàbí ìrọ̀rí kan nínú yàrá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kóòtù. Mo béèrè bóyá mo lè fi ọwọ́ kàn án, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀, nítorí pé a kì í dúró lé àgbà lórí láti bọ́ aṣọ rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó ṣe é. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí Bàbá kì í fẹ́ kí ọwọ́ sún mọ́ ọrùn òun lójijì. Mo ní, "I'm undoing your buttons." Apá tó lágbára ni mo kọ́kọ́ yọ, kí èyí tó ń dun Bàbá lè rí àyè rọra jáde. Mo ní, "Now I'm taking it off." Mo ká kóòtù náà sórí itan rẹ̀ kí ó lè máa rí i, torí Bàbá máa ń rò pé wọ́n ti jí tirẹ̀ gbé. Lẹ́yìn náà mo wọ̀ ọ́ padà fún un, apá tó ń dùn ún ló kọ́kọ́ wọlé lọ́tẹ̀ yìí. "Now I'm putting it back on. I'm doing it up."

Súsàn ń wo bọ́tìnnì tí mo dè gbẹ̀yìn.

Ó béèrè pé, "Kí ni bàbá mi wá ń pariwo fún?"

Mo ní, "Ó rò pé ẹ̀wù náà kò tíì parí. Ó ní oníbàárà ń bọ̀ wá gbà á, òun kò sì tíì rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Mo wá sọ fún un pé oníbàárà náà ránṣẹ́ pé ó di ọ̀la. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á gbà kí n bọ́ ọ."

Súsàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Jánẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́ fún. Ó ní bàbá òun kò pẹ́ kí ó tó fún oníbàárà láṣọ rí, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ó sì fi ọdún púpọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń lu èèyàn kò ní mọ ìyẹn.

Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Jánẹ́ẹ̀tì tọrọ àforíjì, ó sì ní kí n lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún odidi ọ̀sán kan láti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìròyìn tó yéni. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ó wà níbí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri yàrá àwọn òṣìṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin kan tó ń wọ ṣòkòtò, "put on", àti ọkùnrin kan náà tó ń bọ́ ọ, "take off". Wọ́n ní fún gbogbo òṣìṣẹ́ ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ wá kí mi kú oríire.

Aṣọ tó rán fúnra rẹ̀

Mo lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ sí i pẹ̀lú Bàbá lẹ́yìn ìyẹn. Òtútù ọdún kejì ló mú un lọ. Ojú oorun ló kú sí, àwọn tó gbé tíì àárọ̀ lọ ló bá a bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkú ní ìlú náà ló máa ń wá gbé irú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tó kù, ṣùgbọ́n Súsàn sọ fún Jánẹ́ẹ̀tì pé òun kò fẹ́ kí àlejò wọ aṣọ fún bàbá òun. Ó ní kí wọ́n pè mí.

Súsàn ti kó aṣọ wá: kóòtù àti ṣòkòtò dúdú tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán nígbà tí ọwọ́ yẹn ṣì dúró. Bíàtà gbé omi wá. Oòrùn wà lójú fèrèsé, irú oòrùn tiwọn, tó mọ́lẹ̀ tí kò sì gbóná. A wẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un kí n tó ṣe é, bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n èdè wa ni mo fi ń sọ ọ́. Kò sí ìdí kan tí mo fi yàn án. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Nígbà tí a parí, Súsàn wọlé. Ó dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, ó fọwọ́ pa ìṣẹ́po kọ́là kóòtù náà. Ó ní òun gbọ́ ohùn mi láti ìta, kí ni mò ń sọ fún un?

Mo ní, "Mo wọ̀ ọ́ láṣọ."

Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, bí ó ṣe tò nínú tiwa: "I wore him clothes."

Súsàn mi orí. Ó gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó tẹ́ apá kóòtù náà dé ọrùn ọwọ́, ó sì tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.

Bíàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú abọ́ omi. Kò tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa.